Ètò Tí Coralie Fi Kó Àwọn Arúgbó Merrow Lọ Sórí Òkè

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé arúgbó wa ní Port Lincoln pinnu pé àwọn máa ti ilé àtijọ́ tó wà létí òkun pa, kí wọ́n sì kó gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ sí ilé tuntun lórí òkè, obìnrin kan tó ń jẹ́ Coralie Hentschke ni wọ́n gbà láti darí iṣẹ́ náà. Èmi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé àtijọ́ yẹn nígbà náà. Mò ń wẹ àwọn arúgbó, mò ń fún wọn lóúnjẹ, kò sì sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé náà tí mi ò mọ̀. Merrow ni orúkọ rẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti ń mu omi, iyọ̀ òkun ti jẹ irin ojú fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sì máa ń kú nígbà tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé kò yẹ kí a kúrò níbẹ̀.

Coralie kì í ṣe àjèjì. Cummins, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti bí i, nídìí oko àlìkámà bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ìdí tábìlì rẹ̀ ló ti máa ń jẹ páì ẹran rẹ̀ lọ́sàn-án, kì í lọ bá àwọn tó kù jókòó. Ọkọ rẹ̀ ti bá obìnrin mìíràn lọ sí Perth. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kejì tó dé, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, a ò sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fẹ́ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú. Ọ̀gá rẹ̀ kọ ètò iṣẹ́ náà, ó dára gan-an, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, ẹnì kan ò sì tún wò ó mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n gbẹ́ kòtò tán ni wọ́n tó rí i pé kò sẹ́ni tó ronú ibi tí omi ìdọ̀tí máa gbà jáde. Kòtò náà wà bẹ́ẹ̀ títí òjò fi kún inú rẹ̀. Coralie máa ń sọ pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló jẹ àǹfààní ètò yẹn. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ló gbé e lọ sí Adelaide, tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n sì ń tọ́jú ètò ọ̀hún bí ẹni ń tọ́jú ohun abẹ̀mí.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó pe àwa mélòó kan jọ sí yàrá ìjẹun. Alága ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, Tonči Bralić, bàbá arúgbó tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pa ẹja túnà kó tó ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Barba Tonči ni gbogbo ìlú ń pè é, bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń pe àgbà. Merrilee Stace, olórí nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀. Garth Noske náà wà níbẹ̀, òun ni aṣáájú àwọn kọ́lékọ́lé. Olúkúlùkù ti to iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sórí ìwé wá. Garth ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀, láti orí ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, nígbà tí Coralie dá a dúró.

Ó ní, “Ẹ má tíì sọ ohun tí a máa ṣe fún mi. Ẹ sọ ohun tí a máa rí.”

Garth rẹ́rìn-ín. “Ilé ni a máa rí. Àbí ọkọ̀ òfuurufú lò ń retí?”

“Bí mo bá fún Merrilee ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́la, ṣé iṣẹ́ ti parí nìyẹn?”

Gbogbo wa yíjú sí Merrilee. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Rárá o. Ó máa parí fún mi nígbà tí arúgbó tó kẹ́yìn bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lókè yẹn, tí oògùn rẹ̀ wà nítòsí, tó sì lè dá rí ọ̀nà balùwẹ̀ láìṣubú.”

Coralie kọ ọ́ sórí páálí bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ní òpin iṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ń bi wá léèrè sẹ́yìn. Kí ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí èyí tó lè ṣeé ṣe? Bẹ́ẹ̀dì. Kí bẹ́ẹ̀dì tó wà ńkọ́? Yàrá tó gbẹ. Balùwẹ̀ ńkọ́? Bí a ti ń dáhùn ló ń lẹ páálí mọ́ ògiri, tó ń fi okùn pupa so èyí tó ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń béèrè bí a ṣe máa mọ̀ pé ó dára, àti ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó kan ilẹ̀ balùwẹ̀, Merrilee ní bí wọ́n bá da omi korobá kan síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣàn lọ sínú ihò, kí ẹ̀kán kan má ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Garth ní ìyẹn ò le, ó sì buwọ́ lù ú.

Láti ọjọ́ yẹn ni Garth ti ń pè é ní Ìyá Ètò. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ohun tó ya Barba Tonči lẹ́nu ni pé Coralie ò kọ gbogbo ètò náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe ètò ńlá kan tó kárí gbogbo iṣẹ́, ojú ewé kan péré. Ìpele tó wà níwájú wa nìkan ló kọ ní kíkún. Èyí tó jìnnà, ó fi í sílẹ̀ di ìgbà tí a bá sún mọ́ ọn. Ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ máa jókòó, wọ́n á wò ó bóyá kí iṣẹ́ máa lọ tàbí kó dúró, Coralie á sì gbé ètò ìpele tó kàn wá fún wọn.

Barba ní, “Kí ló dé tó ò kọ gbogbo ẹ̀ tán báyìí, ká lè lọ sùn?”

“Barba, ṣé ẹ máa ń mọ ibi tí ẹja máa wà lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ṣé ìdí tábìlì yìí lo máa bá mi?”

Ó gbà fún un. Ìgbìmọ̀ wá fún Coralie láyè: bí iṣẹ́ ìpele kan bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fà sẹ́yìn, ó lè tún un tò fúnra rẹ̀, kò ní láti wá yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá bàjẹ́, kíá ni kó padà wá sọ. Garth ní ètò tirẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Coralie kì í sì í tọwọ́ bọ̀ ọ́, àfi pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Garth gbọ́dọ̀ wá sọ ibi tí wọ́n dé.

Ìgbà ooru kọjá láìsí wàhálà. Ògiri dìde, òrùlé bò ó. Fèrèsé tó ń bọ̀ láti Adelaide pẹ́ lójú ọ̀nà, Coralie sì gbé iṣẹ́ àwọn akunlé síwájú tàwọn onífèrèsé. Gbólóhùn méjì péré ló fi sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa tí ọ̀rọ̀ ilé tuntun yìí jẹ lógún jù ni Clem Treloar. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ibi tí wọ́n ń kó àlìkámà pamọ́ sí létí èbúté ló ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ní Merrow, ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, ibi tí a ń kó pàǹtí sí. Ní ilé tuntun, wọ́n ti fún un ní yàrá kan ní ìhà ìlà-oòrùn tó kọjú sí òkun, tó ti lè máa wo ọkọ̀ tó wá kó àlìkámà. Bí mo bá gbé tíì wọlé fún un láàárọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá Ìyá Ètò ti dé orí fèrèsé òun.

Coralie máa ń lọ jókòó tì í lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àlìkámà ni wọ́n máa ń sọ, nítorí ọwọ́ Clem ni àlìkámà bàbá Coralie ń gbà kọjá láyé ọjọ́un.

Clem á ní, “Àlìkámà bàbá ẹ, ìdajì ẹ̀, òkúta ni.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń da òkúta sí i, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan sọ.”

Clem máa rẹ́rìn-ín títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí mo máa wọlé wá gbé e jókòó dáadáa.

Òtútù ti mú dáadáa nígbà tí àkókò tó láti yẹ àwọn balùwẹ̀ wò. Coralie, Merrilee, Garth àti èmi la lọ, èmi ni mo gbé korobá. Ní ìhà ìlà-oòrùn, omi ṣàn lọ sínú ihò bí a ṣe fẹ́. Nígbà tí a dé ìwọ̀-oòrùn, mo da omi sílẹ̀, omi náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ẹni tí kò rí i, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. A wọ èkejì, bákan náà ni. Gbogbo ìhà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lẹ táìsì níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó lẹ ti ìlà-oòrùn. Garth bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan omi náà.

Wọ́n máa ní láti fọ́ gbogbo táìsì yẹn, kí wọ́n tún ilẹ̀ dà, kí wọ́n dúró kó gbẹ. Garth ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ju àyè tí ìgbìmọ̀ fún Coralie lọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni Barba Tonči ti pe mínísítà kan láti Adelaide pé kó wá ṣí ilé náà ní ìparí oṣù keje.

Nígbà tí Merrilee ti lọ síwájú, Garth rọra bá Coralie sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n kó àwọn arúgbó wọlé, òun á máa tún àwọn balùwẹ̀ náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Coralie bi í pé, “Ta ló máa wà nínú ilé nígbà tó o bá ń fọ́ táìsì?”

“Àwọn náà ni.”

“Ta ló máa tẹ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?”

Coralie ò bínú sí i, kò sì bá a jà. Ó ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Jẹ́ n pe Barba kí ẹlòmíì tó pè é.” Inú òtútù tó wà níwájú ilé náà ló dúró sí tó fi pè é.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní Merrow lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ amúlémóoru ti kú, gbogbo wọn ló wọ kóòtù. Coralie sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó máa fà, ó sì ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè kó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n máa tún un ṣe bí wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n lè kó àwọn tó máa gbé ìhà ìlà-oòrùn nìkan lọ ná. Tàbí kí gbogbo wọn dúró. Ó ní òun kò lè dá wọn nímọ̀ràn ti àkọ́kọ́ láé. Èkejì ni òun fara mọ́, nítorí òtútù Merrow kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni.

Barba bínú. Ó ní òun ti fi ẹnu òun ṣèlérí fún mínísítà. Ó bi Coralie bóyá kò rí i pé òun máa di ẹlẹ́yà. Coralie ní òun rí i.

Merrilee ló ta ko ọ̀nà kejì. Ó ní bí a bá pín àwọn arúgbó sí ilé méjì, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lóru, bí ẹni méjì bá sì ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan máa kú. Ó ní òun ò lè buwọ́ lù ú. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi fóònù wá nọ́ọ̀sì mìíràn káàkiri agbègbè wa, wọn ò rí. Níkẹyìn, ìgbìmọ̀ mú ọ̀nà kẹta. Barba dìde, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, a sì gbọ́ bó ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mínísítà lórí fóònù.

Coralie ò bá wọn jiyàn mọ́. Àwọn ló ni ìpinnu, òun ló ni ètò rẹ̀. Ó já ètò ìpele yẹn kúrò lára ògiri, ó kọ tuntun dípò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ táìsì nìkan ló kọ sínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí a yá ẹ̀rọ amúlémóoru wá fún Merrow, kí dókítà wá fún gbogbo àwọn arúgbó lábẹ́rẹ́ àìsàn òtútù, kí a sì fi aṣọ dí ojú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Garth fúnra rẹ̀ ló wá dí fèrèsé.

Síbẹ̀, àyà dun Clem nínú oṣù kẹjọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n dá a padà, ara rẹ̀ sì fẹ́ yá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo gbé tíì wọlé tí mo bá a pé ó ti kú.

Jillian, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá láti Tumby Bay láti kó ẹrù bàbá rẹ̀. Coralie wá bá a nínú yàrá náà. Mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́.

Jillian wò ó. “Ṣé ìwọ lo kọ ètò náà?”

“Èmi ni.”

“Ó ń dúró de fèrèsé yẹn.”

“Mo mọ̀.”

Mo rò pé Coralie máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ táìsì fún un, tàbí kó sọ pé ìgbìmọ̀ ló pinnu. Kò sọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tó yá, Jillian ní kó bá òun gbé àpótí kan, àwọn méjèèjì sì gbé e lọ sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà lọ, Merrilee jáde wá bá a níta. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kejì la gbà ni, Clem máa ti wà lókè.”

“Ó lè kú lókè náà.”

“Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn ẹ?”

“Mi ò mọ̀, Merrilee. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì kan ò tó fún ilé kan lóru. Òótọ́ lo sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òótọ́ ni. Wọlé, òtútù ń mú ẹ.”

Inú oṣù kẹsàn-án la kó. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń kó arúgbó láti ilé kan sí òmíràn rí, ẹkún àti ìdàrúdàpọ̀ ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Coralie ti bá wa jókòó to gbogbo rẹ̀: ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ, ẹni tó máa bá a lọ, àti pé kí ẹnì kan tó kúrò ní Merrow, fọ́tò rẹ̀, rédíò rẹ̀ àti ìrọ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú yàrá tuntun. Ohun kan ṣoṣo ló dá wa dúró. Ìyá kan tó ń jẹ́ Dulcie Marchant jókòó sínú àga onítáyà rẹ̀, ó ní òun ò ní wọ bọ́ọ̀sì láìsí ológbò. Ológbò ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń sọ, èyí tí gbogbo wa ń fún lóúnjẹ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Coralie ní, “Ológbò kò sí nínú ètò o, Màmá Dulcie.”

Garth ní, “Ìyá Ètò, o ò mú bírò lọ́wọ́ ni? Kọ ọ́ sí i.”

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí i. Barba Tonči ló lọ gbé àpótí tí wọ́n ń kó ẹja sí nínú mọ́tò rẹ̀, ó sì mú ológbò náà lẹ́yìn tí ológbò ti fi èékánná ya á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Dulcie gbé àpótí náà lé itan títí dé òkè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Merrilee pe Coralie. Ó ní gbogbo wọn sùn. Ẹni tó fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ rí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ṣubú. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti Clem, bàbá kan láti ìlú Coffin Bay ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ òkun ń dun òun lójú, ó sì máa ń fa kọ́tìnì bò ó lọ́pọ̀ ìgbà.

Mínísítà wá nígbà tó yá, ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ ṣe ìjókòó ìkẹyìn láti pa iṣẹ́ náà dé. Coralie ka àwọn ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà kọ́ wa. Ó ní bí irú iṣẹ́ yìí bá tún wáyé, ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ètò ni kí wọ́n ti wá àwọn nọ́ọ̀sì òru tó máa tó fún ilé méjì, kó lè jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, ọ̀nà àtikó ìdajì wọn lọ á ṣì wà. Ó ní òun ló yẹ kí òun ti béèrè, òun ò béèrè. Barba ní kò pọn dandan kó kọ ìyẹn sílẹ̀, pé iṣẹ́ ti yọrí, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Coralie ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Merrilee fara mọ́ ọn, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Kó tó di ìgbà ìkórè àlìkámà, ó ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Ceduna, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan. Garth gba iṣẹ́ ìkọ́lé náà, ó sì bá a lọ.